Wáyà Tí Fọláyọ̀ Yàn, Wáyà Tí Reuben Gbé Wá

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó wà lójú títì kó yà wá, ẹni tó wà ní yàrá kó jáde sí gbàgede. Ẹ fi èjìká kan èjìká. Ẹni tí kò bá rí àga, kó bọ́ bàtà rẹ̀ kó fi jókòó. Ìtàn Fọláyọ̀ ìyá Tóbilọ́ba ló délẹ̀ yìí, obìnrin tó ń fa wáyà, àti ìtàn Reuben tí ó ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Bí orin bá dé, ẹ gbè é. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn yín dé ọkàn, ẹ mí kanlẹ̀, ká máa lọ.

Ọdún 1998 ni. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn ọ́fíìsì Àpápá bí ìyàwó tuntun: gbogbo èèyàn fẹ́ rí i, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ. Ajégúnlẹ̀ ni Fọláyọ̀ ń gbé, nítòsí Boundary, nínú ilé oníyàrá méjìlá kan tí wọ́n ti ń fi èdè mẹ́rin kí ara wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá oníṣẹ́ tẹlifóònù kan so wáyà káàkiri Àpápá. Nígbà tí ọ̀gá náà padà sílùú rẹ̀, ará Gánà kan dé láti fa wáyà kọ̀ǹpútà sí báńkì kan, Fọláyọ̀ ló sì ń bá a di àkàbà mú. Ọwọ́ rẹ̀ di àkàbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lókè. Kí ará Gánà tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, obìnrin yìí ti fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà tán.

Ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Wáyà kọ̀ǹpútà sì ní òwú mẹ́jọ nínú, àwọ̀ mẹ́jọ, tí èèyàn gbọ́dọ̀ tò bó ṣe yẹ ní ẹnu méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ṣi ìjókòó, ẹ̀rọ á ya odi. Àwọn tó kàwé kọ ọ́ sínú ìwé. Fọláyọ̀ sọ ọ́ di orin:

*Abilà ọsàn ló ṣáájú o,*
*Ọsàn gan-an ló tẹ̀ lé e;*
*Abilà ewé ló ṣe kẹta,*
*Aró dé, abilà aró dé,*
*Ewé gan-an jókòó kẹfà;*
*Abilà amọ̀, amọ̀ gan-an,*
*Ẹ tilẹ̀kùn, ilé ti kún!*

Bó bá wà lórí àkàbà tó ń kọ ọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á máa mi orí, wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́.

Inú ilé kan náà ni òun àti Reuben ti dàgbà. Ìyá Reuben àti ìyá Fọláyọ̀ jọ ń dáná lórí àdògán kan, wọ́n jọ ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Nígbà tí ìyá Fọláyọ̀ kú, Reuben ló gbé ibi orí pósí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé itẹ́. Fọláyọ̀ kò jẹ́ gbàgbé ìyẹn. Reuben ti wá di èèyàn ńlá báyìí, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can, ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀, ó ní mọ́tò. Òun ló mú Fọláyọ̀ lọ bá Ọ̀gá Akínsànyà, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwé ẹrù fún àwọn ọkọ̀ òkun.

Kọ̀ǹpútà méjìlá wà ní ọ́fíìsì náà, olúkúlùkù ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní àhámọ́. Ọ̀gá Akínsànyà fẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ìyá Tóbi, ẹ má bínú o," ló wí. "Ṣé wáyà kì í ṣe wáyà ni? Dúdú kan wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n mi nílé. Ẹ fa irú ẹ̀, ká sinmi."

Fọláyọ̀ kó gígé wáyà mẹ́ta sórí tábìlì, ó tò wọ́n bí ẹni tó pàtẹ ẹja.

"Dúdú yẹn ń ṣiṣẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ń gba ara gbogbo ẹ̀rọ kọjá, bí okùn kan tí wọ́n fi so ewúrẹ́ méjìlá. Bó bá já níbì kan, gbogbo agbo ti dàrú nìyẹn. Èyí aláwọ̀ eérú yìí, ti tẹlifóònù ni. Ó lè gbé hẹ́lóò, kò lè gbé ẹrù yín. Èyí búlúù ni ká rà. Ẹ wò ó, méjì méjì ni wọ́n lọ́ òwú inú ẹ̀ mọ́ra, kí ọ̀rọ̀ tọ̀tún má baà jò sí tòsì. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ní tirẹ̀, gbogbo wọn á wá pàdé nínú àpótí kékeré kan láàárín ọ́fíìsì. Bí ti Onome bá bàjẹ́, ti Onome nìkan ló bàjẹ́."

Onome, akọ̀wé tó jókòó ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, ló pariwo: "Why e go be my own? Ìyá Tóbi, ẹ fi ti ẹlòmíì ṣe àpẹẹrẹ o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fọláyọ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀.

"Kí bàbà tòótọ́ sì wà nínú òwú náà, sà. Bàbà láti ìta dé inú. Ayédèrú á gbé ọ̀rọ̀ dé ìtòsí, kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ Onome."

Ọ̀gá Akínsànyà fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Mo ti gbọ́. Ọkọ̀ òkun kan ń bọ̀ wá gúnlẹ̀, kó tó dé ni mo fẹ́ kí iṣẹ́ yìí parí. Bó bá dára, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní òpópónà yìí á máa bi mí ta ló ṣe é. Bí kò bá dára náà, wọ́n á bi mí."

Fọláyọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan nìyí, tí kì í ṣe pé ó ń bá ẹnìkan di nǹkan mú. Ní Àpápá, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kan kì í sùn kó tó dé ọ́fíìsì kejì. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa, ó parí nìyẹn, àfi kó tún padà sídìí àkàbà ẹlòmíràn.

"Wáyà ò ṣòro," Reuben wí, ó na ẹsẹ̀ bí onílé. "Kóńténà kan ń bọ̀ lọ́wọ́ mi ní Tin Can, irú ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Fọláyọ̀ gé búlúù náà bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, ó fún un. "Irú èyí gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má gba òmíràn lọ́wọ́ wọn."

"Àbúrò mi, ṣé mo lè ṣe ọ́ níbi ni?"

Kò lè ṣe é níbi. Ta ni Fọláyọ̀ tún fẹ́ gbà gbọ́ láyé, bí kò bá gba ẹni tó gbé orí ìyá rẹ̀ gbọ́?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, páálí wáyà mẹ́rin dé. Búlúù ni lóòótọ́, ìkọ̀wé tín-ín-tín sì wà lára rẹ̀ bó ṣe wà lára gígé tí Fọláyọ̀ fi ránṣẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì péjọ wò ó. Fọláyọ̀ fa ìwọ̀nba jáde, ó fi ọ̀bẹ gé e. Ọ̀bẹ gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí wọ́n gé mọ́ínmọ́ín. Ara fu Fọláyọ̀ díẹ̀. Bàbà máa ń bá ọ̀bẹ jìjàkadì díẹ̀. Ó gbé òwú kan sójú, ó gbé ẹnu ọ̀bẹ lé e láti họ ọ́ wò, bí ará Gánà ti máa ń ṣe.

Ni Reuben bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo àbúrò mi! Ó fẹ́ yẹ ẹrù tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbé wá wò lójú àlejò! Fọláyọ̀, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé nìyẹn?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Fọláyọ̀ débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá yẹ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò lójú ará ìta, olè ló pè é yẹn, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè sọ ọ́. Ó pa ọ̀bẹ dé. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti mọ́ mi lára ni."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi wà lórí àkàbà. Ó fa wáyà gba òkè àjà, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà iná, ó kàn án mọ́ ògiri kí ẹsẹ̀ má baà kọ́ ọ. Ó ń kọrin, eruku ń bọ́ sí i lẹ́nu, ó ń tu ú, ó tún ń kọrin. Àwọn akọ̀wé ń pa á lẹ́rìn-ín: "Ìyá Tóbi, ẹ máa rọra o, bí ẹ bá já lulẹ̀, ta ló máa gbé yín?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni! Ẹ yáa jẹun yó dáadáa!"

Ní ọjọ́ Túsìdeè, wọ́n tan gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́fà tó wà nítòsí àpótí dáhùn kíákíá. Àwọn márùn-ún tó jìnnà díẹ̀ ń kólòlò: wọ́n á dáhùn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tún dáhùn. Ti Onome kò dáhùn rárá.

"My own! I talk am!" Onome ká ọwọ́ lérí. "Ìyá Tóbi, ẹnu yín ló ṣe mí!"

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Akínsànyà bọ́ síta ọ́fíìsì rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ Onome, ó wo Fọláyọ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. "Ìyá Tóbi, mo fún yín di Fúráìdeè. Bó bá di ọ̀sán Fúráìdeè tí kò ṣiṣẹ́, màá ní kí àwọn tó kàwé ẹ̀ wá láti Island."

Àwọn tó kàwé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fọláyọ̀ lára bí ẹ̀gún ẹja.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ó gé ẹnu wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún kúrò, ó tún gbogbo wọn dè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀mú tẹ̀ wọ́n pa, ó ń kọ orin àwọ̀ mẹ́jọ lábẹ́ ahọ́n bí ẹni tó ń gbàdúrà. Abilà ọsàn, ọsàn gan-an. Kò sí èyí tó ṣi ìjókòó. Síbẹ̀, Onome ò rí nǹkan kan. Nígbà náà ni ó rántí bí ọ̀bẹ ṣe gba inú wáyà náà kọjá.

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó gbé gígé wáyà kan lọ bá Ngozi ní Ajégúnlẹ̀. Ngozi ń ra bàbà àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa irin; kò sí ẹni tó lè fi bàbà tàn án jẹ. Ó jókòó sórí fíríìjì àlòkù kan tó ti dojú dé, ó fi abẹ họ òwú náà lẹ́ẹ̀kan: pupa. Ó họ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: funfun báláú.

Ngozi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Tóbi! Na aluminium wear red wrapper! Bàbà ò sí níbí, aṣọ bàbà ló dà bora. Ta ló tà á fún ẹ, ká lọ bá a jà?"

Fọláyọ̀ gba òwú náà, ó tún họ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ngozi. Ó gbọn èérún òwú náà nù kúrò lórí itan rẹ̀, ó ní, "Ndo, my sister. Pẹ̀lẹ́."

Fọláyọ̀ gbọ̀nà Tin Can. Bó ṣe ń gba àárín àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà kọjá, ọkàn rẹ̀ ń ṣe àwíjàre fún Reuben. Wọ́n tan òun náà jẹ ni. Àwọn tó kó kóńténà ló fi ayédèrú lé e lọ́wọ́, kò mọ̀. Àánú rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe é. Ó ń rò bó ṣe máa sọ ọ́ fún un tí ojú kò ní tì í. Àwọn awakọ̀ tó na ara sábẹ́ ọkọ̀ wọn ń kí i, ó ń dáhùn, ó sì ń to ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ."

Ó wọ ọ́fíìsì Reuben. Àwọn oníbàárà bíi mẹ́fà jókòó, ìwé ẹrù lọ́wọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́rin wà lórí tábìlì. Wáyà búlúù sì wà lára ògiri, ó lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, dé inú àpótí kékeré kan. Lára ìṣó kan lókè àpótí náà ni gígé wáyà ìwọ̀n ọwọ́ kan rọ̀ sí, èyí tí òun Fọláyọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó ti tò sẹ́nu tú ká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó yọ ọ̀bẹ, ó bó èèpo wáyà kan lára ògiri, ó họ òwú inú rẹ̀. Pupa. Ó họ ọ́ sí i. Pupa. Ó họ ọ́ títí òwú fi fẹ́ já, pupa ni títí dé inú.

Reuben dìde. "Fọláyọ̀, kí lo ń ṣe sí ilé mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wáyà tí mo yàn nìyí."

"Rọra sọ̀rọ̀. Oríṣi méjì ló wà nínú kóńténà yẹn. Èyí tó dára kò pọ̀."

"Ẹ wá fi èyí tó dára sílé."

"Ta ló máa mọ̀? Àwọn ará ọ́fíìsì Akínsànyà yẹn, ṣé wọ́n mọ wáyà yàtọ̀ sí okùn?"

"Èmi ń kọ́? Èmi mọ̀, ẹ sì mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ rí mi tí mo fẹ́ họ ọ́, ẹ fi ẹ̀rín dá mi lọ́wọ́ kọ́."

Reuben wo ojú àwọn oníbàárà, ó rẹ́rìn-ín ìdajì. "Ṣé ìwọ náà ni? Ìwé form two? Mo rò pé orin nìkan lo mọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn ún ju wáyà lọ. Gbogbo ọjọ́ tí Reuben fi ń gbé e kiri fún àwọn èèyàn, "àbúrò mi mọ iṣẹ́, àbúrò mi mọ iṣẹ́," kò gbà á gbọ́ rí. Fọláyọ̀ dúró, ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó ṣàn. Ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà á láti pè é ní ìwọ.

"Òótọ́ lẹ sọ," ló wí. "Mo mọ orin."

Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí, ó gbé orin sókè:

*Ẹ̀gbọ́n gbé pupa pamọ́ sílé o,*
*Ó gbé funfun fún àbúrò;*
*Ìyá kan ló fún wa lóunjẹ,*
*Ẹ wá wo ẹni tí mo finú hàn!*

Nínú ilé tí wọ́n ti dàgbà, bí obìnrin bá rí ẹ̀tàn, kì í jà, orin ló máa ń dá, orin náà kò sì ní dákẹ́ títí ẹni tó ṣẹ̀ á fi ṣe ohun tó yẹ. Reuben mọ̀ ọ́n. Ó ti rí i tí ìyá tirẹ̀ fi orin lé onílé kan kúrò ní àdúgbò. Àwọn ejẹ́ǹtì ọ́fíìsì kejì yọjú. Àwọn aláàárù gbé ẹrù kalẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ègbè orin náà: "Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó!" Àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń pàtẹ́wọ́. Oníbàárà kan ká ìwé ẹrù rẹ̀ kò, ó rọra dìde.

"Ó tó! Ó tó!" Reuben ń la òógùn. Páálí wáyà mẹ́ta tí wọn ò tíì tú wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi èjìká gbé wọn jáde. "Kó o lọ. Má fi orin pa mí."

Fọláyọ̀ dákẹ́. Lójú gbogbo èèyàn, ó já páálí kìíní, ó gé e, ó họ ọ́. Pupa dénú. Ó já ìkejì, ó gé e, ó họ ọ́. Ó já ìkẹta. Kò yára. Àyẹ̀wò tí Reuben fi ẹ̀rín dá dúró lójú Ọ̀gá Akínsànyà lọ́jọ́sí, ó ṣe é tán pátá níbẹ̀. Ó wá yíjú sí i.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Reuben."

Orúkọ yẹn ba Reuben níbi tí orin kò bà á. Láti kékeré, kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó padà dé Àpápá, ó lọ bá Ọ̀gá Akínsànyà tààrà. "Wáyà ló burú, sà, kì í ṣe ọwọ́ mi. Màá yọ gbogbo ẹ̀."

"Ta ló gbé e wá? Ṣé kì í ṣe Reuben?"

"Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, sà." Ohun tó rí sọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, àárọ̀ Fúráìdeè, orí àkàbà ló wà. Àwọn akọ̀wé ń dúró kó kọrin, kò kọ ọ́. Ó ń ka àwọ̀ lójú, ó ń dè é, ó ń tẹ̀ ẹ́ pa. Onome ló wá ń kọ ọ́ fún un láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ohùn ará Wáàrí, ó ń ṣì í pè: "Abílà ọ́sàn..." Lẹ́ẹ̀kan, Fọláyọ̀ rẹ́rìn-ín lókè àjà, ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn, ó sì fi apá nu ojú.

Nígbà tí ọ̀sán Fúráìdeè pọ́n, wọ́n tan án. Mẹ́fà dáhùn, mọ́kànlá dáhùn. Gbogbo ojú lọ sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Onome tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó fò sókè.

"E don answer! Ìyá Tóbi, ó dá mi lóhùn! Ó ń kí mi!"

Ọ̀gá Akínsànyà fúnra rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó fi ìwé ẹrù kan ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ Onome sí tirẹ̀, ó padà lọ wò ó, ó bá a níbẹ̀. Ó ní kó tó di Mọ́ńdè, ọ̀rẹ́ òun kan ní ilé kejì ń fẹ́ rí Fọláyọ̀, kó kàwé ni o, kó má kàwé ni o, ọ̀rẹ́ náà ò fẹ́ ẹlòmíì.

Ọ̀gá ti ní kí ìyá Onome se oúnjẹ wá: úsí rọ̀bọ̀tọ̀, òkèlè sítáàṣì tí àwọn ará Wáàrí ń jẹ, àti ọbẹ̀ ẹyìn tí ẹja yíyan kún inú rẹ̀, ìrẹsì fún àwọn tí ò mọ úsí jẹ. Wọ́n ti tábìlì pọ̀. Fọláyọ̀ ti ránṣẹ́ pe Ngozi láti Ajégúnlẹ̀. Reuben náà dé, nítorí Ọ̀gá ló pè é.

"Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún Reuben!" Ọ̀gá Akínsànyà wí. "Òun ló mú obìnrin yìí wá fún wa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ngozi ká apá mọ́ àyà, ó wo Reuben bí ẹni tó fẹ́ fi abẹ họ ọ́. Fọláyọ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Reuben gbé àwo rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Àbúrò mi, ó ti tán, àbí? Ọ̀rọ̀ wáyà lásán ni. Jẹ́ kí n fi mọ́tò gbé ẹ délé."

"Mo ti rí ẹni bá rìn. Ẹ jẹun, Ọ̀gbẹ́ni Reuben. Ẹja ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò."

Ó lọ bu ẹja náà, ó sì jẹ ẹ́. Gbogbo wọn jẹ. Fọláyọ̀ jẹ úsí méjì, nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi rí oúnjẹ jẹ dáadáa, ebi kò sì mọ ẹni tó da èèyàn. Onome jẹ títí ó fi tú ìgbànú. Ọ̀gá Akínsànyà lá ìka ọwọ́ rẹ̀, ó bèèrè bóyá ó kù. Nígbà tí oòrùn yí sẹ́yìn, wọ́n fọ ìkòkò, wọ́n di èyí tó ṣẹ́kù sínú ọ̀rá fún ẹni tó bá ní ọmọ nílé. Reuben wọ mọ́tò rẹ̀, ó nu ẹnu, ikùn rẹ̀ ti yó. Fọláyọ̀ àti Ngozi gba ẹsẹ̀ lọ sí Ajégúnlẹ̀, ọ̀rá úsí lọ́wọ́ kan, irinṣẹ́ lọ́wọ́ kejì. Kò sẹ́ni tí ebi bá relé lọ́jọ́ náà, olúkúlùkù ló yó.